Epo Tí Abdulqoyum Kò Kọ Sílẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé ojú ni ìfẹ́ ń gbà wọlé. Ti Ràfíátù kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi mọ iye epo tí ọkùnrin náà ń jó lójúmọ́, kó tó mọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Lagos Town ní Accra ni wọ́n bí Ràfíátù sí, nínú ilé oníyàrá mẹ́rin tí bàbá rẹ̀, Àáfà Bàdárù, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún mẹ́rin ló fi ta ìbòrí fóònù ní ọjà Circle lọ́sàn-án, tó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Kokomlemle. Kò gbàgbé ohunkóhun nínú ọdún mẹ́rin náà. Ó mọ̀ pé bàtà kan ṣoṣo ni òun wọ̀ fún ọdún méjì àkọ́kọ́, pé ọjọ́ Ọjọ́rú ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ já, àti pé páálí fóònù ni òun gé sí i kí òun tó lè dé ilé. Ó mọ iye ìgbà tí òun pín kẹ́ńkẹ́ kan, oúnjẹ àgbàdo wọn, sí méjì, tí òun sì fi ìdajì pamọ́ sábẹ́ ibùsùn de ọjọ́ kejì. Nígbà tí omi ya wọ Circle, tó gbé tábìlì àti ọjà rẹ̀ lọ, ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kó ṣe ìdánwò ìṣirò. Ó ṣe é, ó sì yege.

Ìṣirò náà ló gbé e dé ibi tó ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Accra àti àwọn onímọ̀ kan láti Norway pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí lórí bí ọkọ̀ ojú omi ṣe lè fi epo díẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, kí èéfín tó ń tú sójú ọ̀run lè dín kù. Ọkọ̀ mẹ́fà tí ń ná etíkun láti Dakar dé Lagos ni wọ́n ń ṣọ́. Ní ọ̀sán gangan, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń fi ìjábọ̀ ránṣẹ́: ibi tí wọ́n rìn dé, bí wọ́n ṣe yára tó, bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, iye epo tí ẹ́ńjìnnì jẹ. Ràfíátù ló ń gbà wọ́n, tó ń tò wọ́n, tó sì ń wá àṣìṣe inú wọn.

Ìjábọ̀ ọkọ̀ kẹrin kì í ní àṣìṣe. Abdulqoyum Sàlàkọ́, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ náà, ló máa ń fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan, Ràfíátù kọ̀wé sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti béèrè ìdí tí epo ọ̀sẹ̀ náà fi ga ju ti ìṣáájú. Yorùbá ni èsì fi wá.

"Ìdí ọkọ̀ ló ti hu irùngbọ̀n. Ewé òkun àti ìkarahun ti lẹ̀ mọ́ ọn, kò jẹ́ kó yọ̀ nínú omi mọ́. Tí a bá dé Tema wọn á fá a. Ṣé ọmọ Yorùbá ni yín ni, àbí orúkọ lásán lẹ ń jẹ́?"

Ràfíátù kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ó fi ìka kan tẹ èsì rẹ̀: "Ọmọ Lagos Town ni mí. Ẹ má fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín o."

"Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́rìndínlógún la wà nínú ọkọ̀ yìí, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi bó ṣe yẹ."

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀sán bá ti ń kan, Ràfíátù kì í lè jẹun títí ìjábọ̀ ọkọ̀ kẹrin yóò fi dé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ni.

Ní oṣù kẹjọ, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí èbúté Tema. Àwọn olùwádìí fẹ́ de mítà mọ́ páìpù epo ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ka epo tó ń kọjá. Dókítà Lubabah, obìnrin Hausa tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, mú Ràfíátù dání. Ràfíátù dé akoto lé ìborùn rẹ̀, ó dúró nínú oòrùn. Ọkùnrin kan gùn jáde láti inú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òróró ti sọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ di dúdú.

"Ẹ̀yin ni Ọ̀gá Sàlàkọ́?"

"Èmi ni. Ìwọ sì ni tíṣà tó ń yẹ ìwé mi wò."

"Iṣẹ́ mi ni, sà."

"Sà kẹ̀? Ṣé mo ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ewú mẹ́ta ni mo kà nínú irùngbọ̀n yín."

Dókítà Lubabah kò gbọ́ Yorùbá. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo Ràfíátù. "Kí lẹ ń sọ?"

"Ọ̀rọ̀ mítà ni, Dókítà," ni Ràfíátù fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn.

Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ń de mítà, Abdulqoyum bi í bó ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ràfíátù kò mọ ìdí tí òun fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ti Circle fún un, ó sì sọ ti bàtà tó já. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ bàtà yẹn ló máa ń sọ pé pẹ̀lẹ́. Abdulqoyum kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Páálí yẹn, ṣé ó gbé ọ délé?"

"Ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà."

"Ó gbìyànjú," ló wí, ó sì mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ ìròyìn ẹ́ńjìnnì fún.

Ọjọ́ yẹn ni nǹkan yí padà nínú Ràfíátù. Fún oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá ti dé Tema, Abdulqoyum á wọ trótró, bọ́ọ̀sì akérò, wá sí Circle, á rìn dé Kokomlemle, wọn á jókòó lórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń ta wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ó ní kí ó má pe òun ní ẹ̀yin mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gba Ràfíátù kó tó lè sọ ìwọ. Nígbà tí ọkùnrin náà ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹran inú wáákyé ni Ràfíátù ń wò, kò lè gbé ojú sókè. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń bẹ̀rù, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Àǹtí Àmúdà, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Kokomlemle, ló gba iṣẹ́ alárinà. Ṣùgbọ́n Àáfà Bàdárù kọ̀ jálẹ̀.

"Ọkùnrin tó ń sùn lórí omi," ló wí. "Ta ni aládùúgbò rẹ̀? Bí a bá fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, a máa ń ránni lọ sí àdúgbò rẹ̀. A ó bi ẹni tí ògiri ilé wọn kanra, a ó bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún un. Mo ti ránṣẹ́ sí Ṣakí, ìlú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti kúrò níbẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n ń júwe fún mi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Àmúdà sọ, "ó ní òun máa fi òkun sílẹ̀ kí ọdún tó yípo. Tema níbí ló máa ti gbaṣẹ́."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé èmi á purọ́ fún yín ni, wallahi?"

Ràfíátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló wá ń rò ó: kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún mi? Bóyá ó fẹ́ fi yà mí lẹ́nu ni. Kò bi í. Ẹni tó ti ta ọjà ní Circle mọ̀ pé a kì í yẹ ẹ̀bùn wò níwájú ẹni tó gbé e wá.

Bàbá rẹ̀ kọjú sí i. "Ó dáa. Ràfíátù, ìwọ lò ń gba ìwé ọkùnrin yìí lójoojúmọ́. Nínú gbogbo ilé yìí, ìwọ nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe lórí omi. Ìwọ ni màá rán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ọ. Ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn ìrun Àsàrì, kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá. Màá bi ọ́ lójú wọn: ṣé olóòótọ́ ni? Ohun tí o bá sọ ni màá fi ṣèdájọ́."

"Bàbá Ràfíátù," ni ìyá rẹ̀, Sàrátù, wí, "ẹ̀yin lẹ máa ń ṣe èyí fún àwọn ọmọ. Ẹ wá gbé e lé ọmọ lórí."

"Ta ló máa bá a gbélé? Ṣé èmi ni?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Ràfíátù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó to ohun tí mítà kà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí Abdulqoyum kọ. Ojú ìwé tó mọ́ jù ló mú lákọ̀ọ́kọ́, ti ọkọ̀ kẹrin, torí ó rò pé iṣẹ́ kékeré ló máa jẹ́. Lọ́jọ́ tí Abdulqoyum kọ pé tọ́ọ̀nù méjìlá ni ẹ́ńjìnnì jẹ, mítà ka mọ́kànlá ààbọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó so mítà pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà; ogójì ọjọ́ péré ni ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà náà. Ogún tọ́ọ̀nù epo ló ti wọ inú ìwé tí kò wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ó rò pé mítà ló bàjẹ́. Ó yẹ ìwé àwọn tó dè é wò, kò bàjẹ́. Ó tún ìṣirò náà ṣe nígbà mẹ́rin. Ó mọ̀, bí gbogbo ará Tema ṣe mọ̀, pé àwọn kan wà tí ń ta epo ọkọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré lójú òkun, tí wọn á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ló jẹ ẹ́. Ó rántí bí ìwé Abdulqoyum ṣe máa ń mọ́ tó. Olóòótọ́ ni ìwé rẹ̀ máa ń mọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n olè tó gbọ́n, ṣé ìwé tirẹ̀ náà kì í mọ́?

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbìyànjú kí fóònù tó wọlé.

"Qoyum, ogún tọ́ọ̀nù epo ló sọnù nínú ìwé rẹ."

"Kò sọnù."

"Níbo ló wà?"

"Ta ló ń bi mí? Ràfíátù ni, àbí àwọn ará Norway?"

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ìyàtọ̀ wà. Ọ̀gá atukọ̀ dúró tì mí níbí, mi ò lè sọ ọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ a ó wà ní Tema."

"Qoyum, ṣé o ń tà á ni?"

Fóònù ti já. Ràfíátù kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ ìbéèrè náà, kò sì mọ̀ bóyá òun fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ìjábọ̀ ọ̀sán dé ní ìgbà tó yẹ kó dé. Tọ́ọ̀nù méjìlá. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ jókòó sínú ilé ìwẹ̀ ibi iṣẹ́ títí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ìwádìí gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ó lọ bá Dókítà Lubabah, ó gbé ìṣirò náà síwájú rẹ̀.

Dókítà Lubabah wo ìwé náà pẹ́. "Àwọn ọkọ̀ márùn-ún yòókù ńkọ́?"

Ràfíátù fa ìwé náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kò wò wọ́n. Láti ọjọ́ tó ti rí ti ọkọ̀ kẹrin, kò tún rántí pé ọkọ̀ mìíràn wà lórí omi.

"Ei, Ràfíátù," ni obìnrin náà wí. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Lọ wò wọ́n."

Ó lọ wò wọ́n. Mẹ́rin nínú márùn-ún yòókù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ti òmíràn jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá tọ́ọ̀nù lójúmọ́, ti òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi kan. Ọ̀rọ̀ náà tún wá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣé olè ni gbogbo wọn? Tí gbogbo wọn bá jẹ́ olè, ṣé ìyẹn dín tirẹ̀ kù?

"Ẹni márùn-ún kò lè ṣèpàdé lórí omi," ni Dókítà Lubabah wí. "Àṣà ni èyí. Lọ́la, gun ọkọ̀ yẹn, kí o wọn epo inú táǹkì wọn. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ fún mi bóyá olè ni."

Ní Ọjọ́bọ̀, Abdulqoyum fúnra rẹ̀ ló ju tẹ́ẹ̀pù onírin sínú ihò táǹkì, tó fà á jáde, tó sì nà án sí Ràfíátù. Epo ti lẹ̀ mọ́ ọn dé ibi gíga kan. Ràfíátù ka àmì náà, ó wo ìwé, ó tún kà á. Wọ́n wọn táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó rò ó pọ̀, epo tó wà nínú ọkọ̀ fi ogún tọ́ọ̀nù àti díẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé.

Ó jókòó sórí páìpù kan.

"O rò pé mo tà á," ni Abdulqoyum wí.

"Mo rò ó. Kí ni kí n rò?"

"Gbogbo ọ̀gá ẹnjiníà ló ní àpò, Ràfíátù. Tó o bá jó mọ́kànlá ààbọ̀, wàá kọ méjìlá. Ààbọ̀ yẹn, ọjọ́ burúkú lo fi í pamọ́ dè. Tí ilé-iṣẹ́ bá mọ̀ pé o ní i, wọn á dín epo tí wọ́n ń rà fún ọ kù."

"Ọjọ́ burúkú wo?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ìka kọ̀ọ̀kan. "Ọdún kẹta tí mo dé orí omi. Ọ̀gá mi ìgbà yẹn kì í ní àpò. Ohun tó bá jó ló ń kọ, èyí tó tó gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ń rà fún un. Ìjì mú wa. Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta di ọjọ́ márùn-ún. Epo tán. Wákàtí mọ́kàndínlógójì la fi léfòó láìsí ẹ́ńjìnnì, tí ìgbì ń gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gbá ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ìbàdí rẹ̀ fọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ gbogbo rẹ̀ mọ́."

Ó yé Ràfíátù. Ta ló tún lè yé, bí kò bá yé ẹni tó ti fi ìdajì kẹ́ńkẹ́ pamọ́ rí? Ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré padà lọ bá ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

"Ogún tọ́ọ̀nù yẹn, ṣé kò wúwo?"

"Ó wúwo."

"Ọkọ̀ ń gbé e lọ Dakar, ó ń gbé e bọ̀?"

"Ó ń gbé e."

"Ó tún ń jó epo mìíràn láti fi gbé èyí tí kò sí nínú ìwé."

Abdulqoyum wò ó. "Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí."

"Kí lo tún fi pamọ́?"

Ìbéèrè náà ya Ràfíátù fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ọkùnrin náà sọ àkísà sílẹ̀.

"Àǹtí yín sọ fún bàbá pé màá fi òkun sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi mí, mo ní màá rò ó. Nígbà tó padà wá, tó ní bàbá ti ń rọ̀, mo ti mọ ohun tó lọ sọ. Mo dákẹ́."

"Kí ló dé?"

"Torí ó ṣe mí láǹfààní."

"Ṣé wàá fi í sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Ràfíátù. Nígbà tí mo bá wà lọ́dọ̀ rẹ, mo máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí a bá ti kúrò ní èbúté, mi ò mọ̀ mọ́."

Ràfíátù dìde, ó dé akoto rẹ̀. "Lọ́la ni màá kọ ọ̀rọ̀ epo yìí sínú ìwé ìwádìí."

"Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá mi dúró."

"Mo mọ̀. Màá kọ ọ́ pé inú táǹkì ló wà, pé ojú mi ló rí i. Màá kọ ìdí rẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n màá kọ ọ́."

Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Dókítà Lubabah kà á, ó ní ojú ìwé kan yìí wúlò ju ọdún kan iṣẹ́ wọn lọ, torí orí irọ́ ni gbogbo ìṣirò wọn ti ń jókòó. Ràfíátù kò rí ayọ̀ kankan nínú ìyìn náà. Kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni òun ṣe tàbí ìkà.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó lọ bá Àǹtí Àmúdà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Mo fi díẹ̀ kún un ni," ni Àǹtí Àmúdà wí, ó ń ká aṣọ, kò wò ó. "Alárinà wo ni kì í fi díẹ̀ kún un? Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ nípa bàbá rẹ? Mo ní kì í bínú!"

"Àǹtí, bàbá máa bi mí lọ́la."

"Kí o dá a lóhùn pé olóòótọ́ ni. Ṣé kò ṣòótọ́ fún ọ lórí ọkọ̀? Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, o ń fi mítà wọn ọkọ!"

Ràfíátù rẹ́rìn-ín nígbà tí kò fẹ́. Nígbà tó ń rìn lọ sílé, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn sí òun gbangba. Ilẹ̀ mọ́, kò hàn.

Lẹ́yìn ìrun Àsàrì, wọ́n dé. Súràjùdéènì, àbúrò bàbá Abdulqoyum tó ń gbé Kokomlemle, ló ṣáájú, àwọn àgbà méjì tẹ̀ lé e. Abdulqoyum wọ ẹ̀wù funfun, ó jókòó sẹ́yìn wọn. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé àti ti ọ̀nà. Àǹtí Àmúdà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ọmọkùnrin náà ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti wá gbé Tema. Àáfà Bàdárù gbé ọwọ́ sókè.

"Ràfíátù. Mo rán ọ níṣẹ́. Ṣé olóòótọ́ ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ó ti ro ọ̀nà mẹ́ta tí òun lè gbà sọ ọ́, kò rí ìkankan mú.

"Bàbá, kì í ṣe olè. Mo wọn ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pé, ó tún lé. Ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo ohun tó ní. Ó fi epo pamọ́ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ torí ẹ̀rù." Ó wo Àǹtí Àmúdà. "Kò sì sọ pé òun máa fi òkun sílẹ̀. Wọ́n bá a sọ ọ́ ni. Ó gbọ́, ó dákẹ́."

"Yéè!" ni Àǹtí Àmúdà ké. "Ọmọ yìí pa mí!"

Súràjùdéènì ti ń wá ọ̀pá rẹ̀. "Àáfà, a ò wá síbí kí wọ́n wá bọ́ wa sí ìhòòhò. Qoyum, dìde ká máa lọ."

"Ẹ jókòó, Àlájì," ni Àáfà Bàdárù wí. Ó wo Abdulqoyum. "Ṣé bó ṣe sọ ọ́ ló rí?"

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, Bàbá."

"Ṣé wàá fi òkun sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Ràfíátù ń gbọ́ aago ògiri. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ọmọ kéwú kan bá dúró níwájú rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kọsẹ̀.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ́ni ní kéwú," ló wí. "Mi ò tíì rí ọmọ tí kì í ṣìṣe. Ẹni tó bá ṣì í, n kì í nà án. Mo máa ń ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé, kó tún un kà. Àlájì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde lóòótọ́. Ẹ jáde. Kí ẹ tún wọlé wá tọrọ ọmọ mi. Ọmọkùnrin yìí ni kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àmúdà, wá jókòó ti ìyá Ràfíátù. Iṣẹ́ tìẹ ti parí."

Súràjùdéènì là ẹnu sílẹ̀. "Kí á jáde, ká tún wọlé?"

"Ẹ wọ bàtà yín pẹ̀lú."

Wọ́n jáde. Àwọn ará ilé kejì ti yọjú, wọ́n rò pé ìjà ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n gbọ́ sàlámọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Àáfà Bàdárù sì dáhùn bí ẹni tí kò rí wọn lọ́jọ́ náà rí. Àwọn àgbà jókòó. Abdulqoyum dúró.

"Orúkọ mi ni Abdulqoyum Sàlàkọ́, ọmọ Ṣakí. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí. Orí òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nínú oṣù méjìlá, oṣù mẹ́jọ ni mi ò ní sí nílé. Ó lè jẹ́ pé màá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mi ò mọ ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ mi ti rí ìwé tí Ràfíátù kọ, wọn ò tíì fèsì, bóyá mi ò ní níṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí nǹkan má tán mọ́ mi lọ́wọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí n máa fi nǹkan pamọ́." Ó kọjú sí Àáfà Bàdárù. "Mo fẹ́ fẹ́ Ràfíátù."

"Irú ìtọrọ ìyàwó wo lèyí?" ni Súràjùdéènì ń kùn sínú.

"Èyí tó péye ni," ni Àáfà Bàdárù dá a lóhùn. "Ràfíátù, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ràfíátù wá ìdáhùn nínú ara rẹ̀, bó ṣe máa ń wá àṣìṣe nínú ìwé. Ó bá oṣù mẹ́jọ tí kò ní sí ọkọ nílé. Ó bá ẹ̀rù. Ó bá ìbínú tí kò tíì tán lórí dídákẹ́ tó dákẹ́. Ó rò wọ́n pọ̀, wọn ò já sí ibì kankan. Ọkùnrin náà sì dúró níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́, bí ẹni tí wọ́n ti tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

"Bàbá, mi ò lóye rẹ̀ tán."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o lóye rẹ̀. Ìyá rẹ kò tíì lóye mi."

"Òótọ́ ni," ni Sàrátù wí.

"Mo fẹ́ ẹ," ni Ràfíátù wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó tún un sọ. "Mo fẹ́ ẹ, Bàbá."

Àáfà Bàdárù mi orí. Ó kọjú sí Abdulqoyum. "Ọjọ́ wo ni ọkọ̀ yín ń ṣí?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá. Ní àárọ̀."

"Ọ̀la ni yìgì nígbà náà."

"Ọ̀la kẹ̀!" Àǹtí Àmúdà ti fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ńkọ́? Oúnjẹ ńkọ́? Àwọn ènìyàn ńkọ́?"

"Ẹlẹ́rìí méjì ló tó. Ẹni tó fẹ́ lọ sójú omi láìmọ ìgbà tí yóò dúró, ó kéré tán, kó mọ ẹni tó ń padà wá bá."

Àriyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú yàrá náà, Súràjùdéènì ń sọ ti Ṣakí, Àǹtí Àmúdà ń ka orúkọ àwọn tó ń sè wáákyé fún ayẹyẹ. Ìyá Ràfíátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà yẹn ni Ràfíátù tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú òun, kò sì mọ èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.